Rama Dúdú Ju Èmi Lọ: Ohun Tí Mo Rí Ní Nashik Àti Pandharpur

Rama, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, èyí tó wà nínú tẹ́ńpìlì Kalaram ní ìlú Nashik, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, dúdú ju èmi lọ, mi ò ṣàwàdà o. Òun, Sita ìyàwó ẹ̀, àti Lakshmana àbúrò ẹ̀, òkúta dúdú ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò ga púpọ̀, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ aláràbarà, òdòdó kún ọrùn wọn fọ́fọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ní inú odò Godavari ni wọ́n ti rí ère yẹn láyé ọjọ́un. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi fi ìgúnpá ti mí pé kí n sún, torí ìlà gùn, ẹni tó wá bọ òrìṣà ẹ̀ kò ráyè àlejò tó ń ranjú. Ṣùgbọ́n báwo ni mi ò ṣe ní ranjú? Orílẹ̀-èdè yìí kan náà ni onílé kan ti sọ fún àbúrò mi lórí fóònù pé yàrá wà, kó máa bọ̀ wá wò ó, tó débẹ̀ tán tí ọkùnrin náà rí àwọ̀ ẹ̀, yàrá ti tán.

Àbúrò mi yìí ń kàwé ní ìlú Pune, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀ dáadáa, òun ni mo lọ kí. Èmi fúnra mi, láti ìgbà kòrónà ni mo ti ń ṣe yoga nínú yàrá mi, tí mò ń gbọ́ àwọn olùkọ́ orí YouTube tí wọ́n ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ẹ̀mí kan náà ló wà nínú gbogbo ẹ̀dá, èmi náà á dijú, màá mí sínú, màá mí síta, torí náà inú mi dùn gan-an pé mò ń lọ síbi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá. Ohun tó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ ni ìwé ìròyìn ọjọ́ Sunday. Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ tí àwọn òbí ti ń wá ọkọ àti ìyàwó fọ́mọ wọn, kásìtì kásìtì ni wọ́n sì pín in, Brahmin lọ́tọ̀, Maratha lọ́tọ̀, bí ìgbà tí wọ́n to ìsọ̀ sọ́jà. Ọ̀kan ń wá ọmọbìnrin tó pupa, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó kàwé. Òmíràn ní àwọ̀ ọmọ òun dà bí àlìkámà, mo ní kò burú. Òmíràn wá kọ ọ́ pé kásìtì ò jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn, ẹnikẹ́ni lè pè, mo ti ń yìn ín lọ́wọ́ kí n tó ka ìyókù: àwọn Dalit ni kí wọ́n jọ̀ọ́ má pè. Èmi àti àbúrò mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Tí ẹ ò bá mọ bí kásìtì ṣe ń lọ, inú ìdílé tí wọ́n bá bí èèyàn sí ló wà títí láé, ìdílé yẹn ló sì ń sọ iṣẹ́ tó máa ṣe, ẹni tó máa fẹ́, ẹni tó lè bá a jẹun. Brahmin, ìyẹn ìdílé àlùfáà, ló wà lókè téńté. Àwọn Dalit ò tiẹ̀ sí lórí àkàbà yẹn rárá, ìta ni wọ́n fi wọ́n sí, àwọn ló ń gbé òkú màlúù, àwọn ló ń gbálẹ̀ tí wọ́n ń kó ìgbẹ́, wọ́n ní tí wọ́n bá fọwọ́ kan èèyàn onítọ̀hún ti di aláìmọ́ nìyẹn. Òfin orílẹ̀-èdè wọn ti fòpin sí pípe èèyàn ní aláìmọ́ bẹ́ẹ̀ láti 1950, ó wà nínú abala kẹtàdínlógún ìwé òfin, Dalit gan-an ló sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin náà, B. R. Ambedkar, ọ̀mọ̀wé tó gboyè ní Columbia ní Amẹ́ríkà àti ní London. Òfin wà, ìwé ìròyìn Sunday náà wà.

Ẹlẹgbẹ́ àbúrò mi kan ní yunifásítì ló mú wa lọ sí Nashik. Abúlé kan tí ò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Dalit ni. Bọ́ọ̀sì pupa ti ìjọba la wọ̀ ní Pune, ìrìn bíi 200 kìlómítà, agbègbè alálùbọ́sà ni, lọ́rí àlùbọ́sà tẹ̀lé lọ́rí àlùbọ́sà títí tí orí fi ń fọ́ mi.

Ilé ìyá ẹ̀ la kọ́kọ́ yà. Ìpẹ̀kun abúlé ni, ibi tí wọ́n ti máa ń fi àwọn Dalit sí látayébáyé. Lára ògiri, fọ́tò Buddha wà lápá kan, ti Ambedkar wà lápá kejì, ó wọ kóòtù búlúù àti awò ojú, wọ́n fi òdòdó kọ́ fọ́tò náà lọ́rùn. Ìyá fún wa ní bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ọkà bàbà ṣe, ọwọ́ lásán ló fi ń pàtẹ́ ẹ títí tó fi fẹ̀, ó sọ ọ́ sórí irin gbígbóná, a fi ata tútù gígún àti àlùbọ́sà jẹ ẹ́, ata yẹn kì í ṣe ọmọdé rárá. Nígbà tí mo bèèrè omi ló sọ ọ̀rọ̀ kànga fún wa, ọmọ ẹ̀ ń túmọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn kànga abúlé, ẹ ó gbé ìkòkò yín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí aláàánú kan á fi dé, ẹni yẹn á fa omi, á wá dà á sínú ìkòkò yín láti òkè, kí korobá tiẹ̀ má bàa kan ìkòkò. Kò bínú, kò sunkún, ó ń fọ abọ́ ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì la dé Panchavati, àdúgbò tí wọ́n ní Rama àti Sita gbé nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò nílùú. Àwọn èèyàn ń wẹ̀ ní Ramkund létí odò, àwọn mìíràn ń da eérú òkú wọn síbẹ̀. A rìn dé ẹnu ọ̀nà Kalaram, ọ̀rẹ́ wa ní kí a bọ́ bàtà, òun á máa ṣọ́ ọ. Mo ní ṣé ìwọ ò ní wọlé ni? Ó ní rárá, òun á jókòó sídìí tíì.

Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ wọlé, kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró, kò sì sẹ́ni tó máa dá èmi náà dúró lónìí. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ni wọ́n dá dúró."

Ní March 2, 1930 nìyẹn. Ambedkar kó àwọn Dalit jọ ní Nashik, èrò tó tó 15,000 ni wọ́n ní wọ́n tò lọ sí tẹ́ńpìlì yẹn, wọn ò gbé igi, wọn ò gbé òkúta, wọ́n kàn ní àwọn náà fẹ́ wọlé lọ rí Rama ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n jókòó síta. Nígbà ọdún Rama ní April, tí wọ́n máa ń fa kẹ̀kẹ́ ẹṣin òrìṣà jáde, ìjà bẹ́ sílẹ̀, òkúta ń fò. Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn títí di 1935, ilẹ̀kùn ò ṣí. Lọ́dún yẹn náà, ní Yeola, ìlú kan tó wà lágbègbè Nashik, Ambedkar dìde ó ní a bí òun sínú ẹ̀sìn Híńdù, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ òun, àmọ́ òun ò ní kú sínú ẹ̀. Ó sì mú un ṣẹ, ní October 14, 1956, ní Nagpur, ó di ẹlẹ́sìn Buddha, èrò tó lé ní 300,000 tẹ̀ lé e. Bàbá bàbá ọ̀rẹ́ wa wà nínú èrò yẹn, ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ lọ.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni gbogbo ẹ̀ o. Àlùfáà tó gba òdòdó lọ́wọ́ wa nínú tẹ́ńpìlì, ó dúdú kirikiri, Brahmin sì ni. Ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣọ́ bàtà níta, ó pupa jù ú lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kásìtì burú ju ojú tá a fi ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn lọ, torí a ò lè rí i lára, orúkọ bàbá ẹ ni wọ́n fi ń mọ̀ ẹ́, àdúgbò ẹ, oúnjẹ tí ẹ ń jẹ nílé. Àwọ̀ wá jókòó lé e lórí. Ní ọjà tó wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì, mo rí fọ́tò Krishna, òrìṣà wọn mìíràn, lóríṣiríṣi, òun náà tí àwọn ìwé àtijọ́ wọn sọ pé ó dúdú bí ìkúukùu òjò, àmọ́ búlúù ni wọ́n kùn ún, àwọn mìíràn tiẹ̀ ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Ṣọ́ọ̀bù tó kàn án ń ta ìpara amúra-pupa tí wọ́n ń pè ní Fair & Lovely tẹ́lẹ̀, tí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí Glow & Lovely ní 2020 nígbà tí ariwo pọ̀. Orúkọ ló yí o, ìpara ò kúrò lórí àtẹ. (Kí ẹnikẹ́ni láti Balógun má bá mi sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí ẹ̀yin náà ń tà.)

Ìlú Pandharpur la tún lọ lẹ́yìn ìyẹn. Òrìṣà tibẹ̀ ń jẹ́ Vitthal, òun náà dúdú, ó dúró lórí bíríkì kan, ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí bí ẹni tó ń retí àlejò tó pẹ́. Ọdọọdún ni àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn láti Alandi àti Dehu lọ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, olówó àti aláìní á dọ̀bálẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á sì pe ara wọn ní Mauli, ìyá. Ó dùn láti gbọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ńpìlì yìí kan náà, 1947 ni wọ́n tó gba Dalit láyè láti wọ̀ ọ́, ó sì gba kí olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sane Guruji gbààwẹ̀, kó kọ oúnjẹ, kí wọ́n tó gbà. Ní iwájú ilẹ̀kùn, ibojì Chokhamela wà níbẹ̀. Akéwì ni, Dalit ni, ọ̀rúndún kẹrìnlá ló gbé ayé, gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi kọrin fún Vitthal láti ìta. Ògiri tí wọ́n ní kó wá mọ ló wó pa á. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń wá egungun ẹ̀ nínú àlàpà, èyí tó ń pe orúkọ Vitthal ni wọ́n fi mọ tiẹ̀, wọ́n kó o wá síbẹ̀, wọ́n sin ín sẹ́nu ọ̀nà. Òkú ẹ̀ náà ò wọlé.

Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibojì yẹn, ó ní Chokhamela lòun wá kí, òun ò bá ẹlòmíràn ṣèpàdé. Ó wá padà sídìí tíì ẹ̀.

Nígbà tá a jáde bá a, ó ti ra tíì tiwa sílẹ̀, ó ní ó kan èmi, kí n dáhùn ìbéèrè kan: lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ kì í bèèrè ìdílé kí ẹ tó fọ́mọ fọ́kọ? Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Mo ní a máa ń wádìí, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni tiwa, a fẹ́ mọ̀ bóyá wèrè wà nílé wọn ni, bóyá wọ́n ń jalè, kò sẹ́ni tó ń lé èèyàn nídìí kànga. Ó ní àwọn tí wọ́n ra bàbá ńlá wọn lẹ́rú láyé àtijọ́ ńkọ́, ṣé wọ́n wà? Mo ní wọ́n wà, a kì í sọ ọ́ síta, àmọ́ tí oyè bá ṣófo tí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun náà fẹ́ jẹ ọba, àgbà kan á rántí. Ó ní ó rò bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún tíì dà sí i fún mi.