Àpò kan ni mo gbé wọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá ni mo parí ẹ̀kọ́ mi nípa ilẹ̀ oko ní ìlú Saskatoon, lórílẹ̀-èdè Kánádà, tí mo sì palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí n kò fojú kan ilé. Àpò méjì ni wọ́n gbà fún mi nínú ọkọ̀ òfurufú, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju kílò 23 lọ, nítorí náà odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń gbé ẹrù gun òṣùwọ̀n, tí mo ń yọ ìwé, tí mo ń fi bàtà ọmọdé rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀wù òtútù tó yọ mí lọ́wọ́ ikú láwọn ọjọ́ tí òtútù ibẹ̀ bá já wálẹ̀ dé −40 wúwo ju ìwé márùn-ún lọ. Mo gbé e fún ìyá onílé mi, torí n kò mọ ohun tí èèyàn fẹ́ fi í ṣe lábẹ́ oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́.

Ti òfurufú kò lọ́rọ̀ nínú. Láti Saskatoon dé Toronto, láti Toronto dé Addis Ababa, láti Addis Ababa dé Èkó, oúnjẹ inú ike àti ẹsẹ̀ wíwú ni. Ohun kan ṣoṣo tó pa mí lẹ́rìn-ín ni kàlẹ́ńdà àwọn ará Ẹtiópíà, tó ní oṣù 13, tí ọdún wọn sì máa ń fi mẹ́jọ wà lẹ́yìn tiwa bí a bá wà nínú oṣù kẹrin. Bí a bá fi tiwọn ṣírò, ó ṣì ku ọdún méjì kí n tó kúrò nílé.

Ní Èkó, àpò kan dé, èkejì kò dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ orúkọ mi sínú ìwé, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. (Ọjọ́ kọkànlá ni mo tó rí i, síìpù rẹ̀ ti já, mo ti fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.) Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ti Kánádà bọ̀ pẹ̀lú àpò kan, n kò sì mọ̀ pé àpò náà ni yóò máa ṣáájú mi sọ̀rọ̀ níbi gbogbo tí mo bá dé.

Awakọ̀ Sienna tí mo wọ̀ ló kọ́kọ́ bi mí. Ó gbé àpò náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó wò ó, ó tún wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, níbo lẹ ti ń bọ̀?” Mo ní Kánádà. “Gbogbo ẹrù yín rèé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ má banú jẹ́. Àbúrò ìyàwó mi náà, Líbíà ni wọ́n ti dá a padà. Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.” Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ àwọn èrò tó kù ti ń kí mi kú ìrọ́jú.

A sáré já ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ náà kò sì burú. Ìgbà tí a kọjá Ọ̀yọ́ ni ìrìn àjò gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀nà tóóró àtijọ́ ni a gbà, èyí tí àwọn tírélà tó ń kó màlúù àti àlùbọ́sà bọ̀ láti Òkè Ọya ń bá wa dù. Ọ̀kan nínú wọn ti dojú dé nítòsí Odò Ọbà, àwọn taya rẹ̀ kọjú sókè bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, gbogbo ọkọ̀ sì dúró. Àsìkò máńgòrò ni. Obìnrin kan gbé ọpọ́n rẹ̀ wá sí ojú fèrèsé wa, mo ra márùn-ún, mo fi eyín bó àkọ́kọ́, omi rẹ̀ sì ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi kí n tó rántí pé ẹ̀wù funfun ni mo wọ̀. Ní Saskatoon, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á, wọ́n á lẹ bébà kékeré mọ́ ọn lára, èèyàn lè gbé e sí imú kó má gbọ́ òórùn kankan. Okùn máńgòrò há mi léyín títí mo fi délé.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ ìlú. Ìyàwó bàbá mi kékeré da omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó tẹ ìloro, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí mi kú ewu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni ojú gbogbo wọn lọ sára àpò. Bàbá mi kékeré fà mí sí kọ̀rọ̀: “Ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún mi?” Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, n kò mọ iye ẹni tó ti béèrè bóyá wọ́n lé mi ni. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta ilẹ̀ bàbá wọn láti jápa, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá ní láti ṣàlàyé, mo mọ ìyẹn. Ó dùn mí ṣá.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, nìkan ni kò béèrè. Wọ́n ti lé àwọn rí. Tamale, ní ìhà àríwá Gánà, ni wọ́n ti ń tajà ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà náà, àwọn kan ti bí ọmọ bí ọmọ ọmọ síbẹ̀. Ìyá àgbà pọn bàbá mi, wọ́n di ẹrù kan, wọ́n sì wọ lọ́rí. Ohun tí mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kò jù báyẹn lọ, torí wọn kì í fẹ́ sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, wọ́n gbé ọkà ka iwájú mi kí n tó rí ẹ̀kọ yangan mu, kí oríkì ìlú wa má bàa di irọ́. “Àjàní,” wọ́n ní, “ta ló sìn ọ́ dé ìdí ọkọ̀?”

Mo ní ìyá onílé mi ni. Opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni. Aago mẹ́ta òru ló jí, ó ha yìnyín tó dì mọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, ó wà mí lọ, ó sì dúró títí n kò fi rí i mọ́.

Ìyá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Obìnrin Dàgóńbà kan, ọmọ ibẹ̀, ló sin èmi náà. Òun ló ru ẹrù mi dé ìdí lọ́rí.” Èyí ni n kò gbọ́ rí. “Pe ìyá yẹn fún mi, kí n kí i.”

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù nílé wa, aago kan òru ni lọ́dọ̀ ìyá onílé mi. Wọ́n ní àwọn yóò dúró. Nígbà tí ó fi di aago mẹ́ta ọ̀sán, Ìyá àgbà ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kígbe sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò: “Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o! Ẹ kú àìsùn, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run kò ní fi yín sílẹ̀!”

Ìyá onílé mi bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo wá inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ọdún mẹ́fà kọ̀wé, n kò rí ibi tí mo lè kó gbogbo “ẹ kú” yẹn sí, mo kàn ní wọ́n dúpẹ́.

Ìyá àgbà wò mí. “Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn?”