Ẹ̀kọ́ tí 4294967297 kọ́ mi níwájú àwọn òbí

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe tíṣà lẹ́sọ̀n, ẹ mọ ọjọ́ tí òbí máa ń wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wò ó bóyá owó òun ń ṣiṣẹ́. Tèmi ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ṣì ń bí mi.

Prime number ni mò ń ṣàlàyé, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí nǹkan kan kò lè pín tán àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Mo kọ 4294967297 sójú bọ́ọ̀dù, mo ní Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, rò pé prime ni, torí pé 3, 5, 17, 257 àti 65537 tó ṣáájú rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ nọ́ńbà tí ó ń wò jẹ́ prime lóòótọ́. Lọ́dún 1732 ni Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, fi 641 pín in láì ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Mi ò tíì dákẹ́ tí bàbá ọmọ kan fi yọ kakulétọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè: 67004.168. "Tíṣà, pọ́ìntì wà lẹ́yìn ẹ̀ o! Ṣé irọ́ lẹ fi ń gbowó wa?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ gan-an! Ìyá kan ní kí wọ́n rọra ṣe mí, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Òógùn bò mí. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ ta ni yóò gba tíṣà gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀?

Mo gba kakulétọ̀ náà. Díjíìtì 8 péré ló ń gbà: 42949672 ló wọlé, 97 ìparí kò wọlé rárá. Mo ṣe ìṣirò náà lójú bọ́ọ̀dù, ó bọ́ sí 6700417 gẹ́lẹ́, wọ́n dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ má fi pípín jiyàn, ìlọ́po ni kí ẹ fi jiyàn. 6700417 lọ́nà 600 jẹ́ 4020250200. Lọ́nà 40, 268016680. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ ro 6700417 kan mọ́ ọn, ọ̀nà 641 ti pé: 4294967297. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ojú rí i.

Èkejì: ẹ wo nọ́ńbà kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ. 7 ló parí rẹ̀, 2 àti 5 ti jáde. Àròpọ̀ àwọn díjíìtì rẹ̀ jẹ́ 59, 3 náà ti jáde. Euler fi hàn pé prime tó bá máa pín in gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 64 lọ pẹ̀lú 1: 193, 257, 449, 577, lẹ́yìn náà 641. Ẹni tí kò mọ ìyẹn, prime 6542 ló wà nísàlẹ̀ 65536 tí yóò máa dán wò (65536 lọ́nà 65536 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nọ́ńbà náà).

Ẹ̀kẹta: ẹ̀kọ́ kìíní náà ni mo tún ń sọ, ìlọ́po ni kí ẹ fi jiyàn. Mi ò ní kí ẹ má lo kakulétọ̀ o, èmi náà ní i.

Bàbá náà ní òun ń padà bọ̀. Ìbéèrè tèmi ti wà nílẹ̀ fún un: 6700417 yìí, ṣé prime ni? Díjíìtì 7 ni, yóò wọ inú kakulétọ̀ rẹ̀.