Òórùn Tófù àti Irú Màmá Mi

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí ní ọdún 1994, nígbà tí àwọn òbí mi kó wa lọ sí Taipei, olú-ìlú Táíwàn, nítorí oyè ọ̀mọ̀wé tí bàbá mi ń kà níbẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko la sì lò kí a tó padà sí Ìbàdàn. Ohun púpọ̀ nípa ìlú náà ló ti parẹ́ lọ́kàn mi, títí kan èyí tó pọ̀ jù nínú èdè wọn, ṣùgbọ́n adùn oúnjẹ ojú pópó wọn kò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Ilé wa kò jìnnà sí Raohe, ọjà alẹ́ tí wọ́n ti ń ná láti ọdún 1987, tí tẹ́ḿpìlì Ciyou wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ḿpìlì yìí ni wọ́n ti ń yan búrẹ́dì aláta kan tí wọ́n ń ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé sínú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe é yóò ki apá bọ inú ààrò amọ̀ tó jin bí ìkòkò aró, yóò sì lẹ ìyẹ̀fun pípò náà mọ́ ara ààrò náà nínú lọ́hùn-ún, lókè ẹyín iná, láìjẹ́ kí ọ̀kan já bọ́.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ọ̀dùnkún róbótó. Wọ́n á gún ọ̀dùnkún pọ̀ mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, wọ́n á ṣù ú wẹ́wẹ́, wọ́n á sì dà á sínú òróró gbígbóná. Obìnrin tó ń dín in yóò fi asẹ́ onírin tẹ gbogbo wọn mọ́ ìsàlẹ̀ agbada títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹlẹbẹ. Bó bá sì gbé asẹ́ kúrò báyìí, wọn á wú, wọn á léfòó. Bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n ni wọ́n túbọ̀ ń tóbi, tó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá fi eyín kàn án, inú rẹ̀ á ti ṣófo, ara rẹ̀ á sì máa fà. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe hóró dúdú tó wà nínú tíì oníwàrà wọn, inú mi sì dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi sọ fún mi pé ẹ̀gẹ́ ilé wa ni. Mo tún rántí ẹ̀pà alásúgà tó dì bíi pákó, tí wọ́n ń fi ìfági káfíńtà fá lẹ́búlẹ́bú sórí áásìkiriìmù.

Ṣùgbọ́n tófù olóòórùn ni ti màmá mi. Wàrà dídì tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe ni, tí wọ́n rẹ sínú omi ewébẹ̀ tó ti kan, tí wọ́n wá dín. Òórùn rẹ̀ á ti pàdé èèyàn kó tó rí ẹni tó ń tà á. Lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ìborùn ni màmá mi fi ń bo imú, á sì máa bi bàbá mi pé kí ló kú síbẹ̀. Nígbà tó yá, irú tí a gbé wá láti Ìbàdàn tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan, màmá mi dúró lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada náà, ó ṣí ìborùn kúrò lẹ́nu, ó ní, “Irú kúkú ni.”

A jókòó sórí àpótí kéékèèké. Obìnrin tó ni agbada, tí a ń pè ní Ayi gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe obìnrin tó bá tó ìyá wọn, dá ihò sí àárín tófù kọ̀ọ̀kan, ó bu omi aáyù sí i, ó sì kó kábéèjì kíkan tì í. Màmá mi jẹ ọ̀kan, ó jẹ èkejì, ó wá béèrè ata.

Láti ọjọ́ náà, a kì í pa ọjọ́ Ẹtì jẹ lọ́dọ̀ Ayi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí i, ṣe ló sáré jáde láti gbé mi dìde, ó rò pé mo ṣubú ni. Nígbà tí màmá mi ṣàlàyé fún un pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè tó gbọ́, ojú Ayi rọ̀, ó sì fi tófù kan lé tiwa. Màmá mi ní kí n dúpẹ́, pé ènì ni.

Màmá mi ti di ìyá àgbà báyìí. Bó bá ṣí ìkòkò irú ní ilé ìdáná, tí òórùn rẹ̀ gba pálọ̀ kan, á pè mí láti ibẹ̀ pé, “Ǹjẹ́ o gbọ́ ọ? Ayi ti gbé agbada kaná.”