Ohun tó ń yí nínú bírò títẹ̀

Bí oníbàárà bá mú bírò títẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú pé kí n bá òun kọ orúkọ sí i lára, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, kì í sì í ṣe yíǹkì inú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bọ́tìnnì lókè ni ojú mi ń lọ. Màá tẹ̀ ẹ́, màá tún un tẹ̀, màá wá gbé e sétí. Ẹ̀bùn òde ni iṣẹ́ wa: ife, abẹ̀bẹ̀, báàgì, ìwé ìkọ̀wé, bírò, fún ọjọ́ ìbí, ìsìnkú, àpérò ìjọ àti ìpàdé ilé-iṣẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, bírò ló wù mí jù, torí pé ohun kan wà nínú ikùn rẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń lò lójoojúmọ́, tí ọ̀pọ̀ ò sì fojú kàn án rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ọ̀kan wò. Èyí tó wà níwájú mi yìí, búlúù ni, irú èyí tó ń ti Ṣáínà wá nínú páálí, tí ẹ máa rí ní òkìtì-òkìtì ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ yí imú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fọwọ́ dí i, torí pé sípíríǹgì á fẹ́ fò. Ẹ fa rìfíìlì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí yíǹkì wà nínú rẹ̀, jáde. Ẹ wá rọra gbá ibi tó ṣí yẹn mọ́ àtẹ́lẹwọ́, rọ́bà kékeré kan á já bọ́, kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Àwọn ẹnjiníà ń pè é ní cam. Èmi máa pè é ní ayípo, torí pé iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ó ní ìyẹ́ mẹ́rin lára, orí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bọ́tìnnì tó wà lókè rẹ̀ ní eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó yí ẹnu rẹ̀ ká. Tí ẹ bá wá tan iná fóònù sínú ikùn bírò náà, ẹ máa rí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin lára ògiri rẹ̀, àlàfo wà láàárín wọn, ìdí òpó kọ̀ọ̀kan dagun, ó sì ní kọ̀rọ̀ kékeré kan tí nǹkan lè jókòó sí.

Ó tán. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Nígbà tí bírò bá wà ní títì, ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú àlàfo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tẹ bọ́tìnnì: eyín rẹ̀ á máa ti ayípo lọ sísàlẹ̀. Eyín bọ́tìnnì àti orí ayípo ò ṣe déédéé ara wọn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, nítorí náà bí bọ́tìnnì ṣe ń tì í ló ń fẹ́ kó yí. Kò lè yí, torí pé òpó há a mọ́ ọ̀tún, ó há a mọ́ òsì. Àfi ìgbà tí ìyẹ́ bá kọjá ìdí òpó. Níbẹ̀, kò sí ohun tó dì í mú mọ́, ó sì yí, wéré. Ẹ máa gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ wá gbọ́wọ́ kúrò. Sípíríǹgì á ti ayípo padà sókè, ìyẹ́ á bọ́ sórí ìdí òpó tó dagun, á yọ̀ lórí rẹ̀ bí omi òjò ṣe ń yọ̀ lórí páànù, á tún yí díẹ̀ sí i, á sì bọ́ sínú kọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Ìró kejì nìyẹn. Ó ti jókòó síbẹ̀. Imú bírò ti yọ, bí ẹ ṣe wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tó, kò ní wọlé padà.

Ẹ tún tẹ bọ́tìnnì. Ayípo á kúrò nínú kọ̀rọ̀, á yí, ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ìyẹ́ á yọ̀ gba orí ìdí òpó títí á fi já sínú àlàfo tó kàn, sípíríǹgì á sì gbé gbogbo rẹ̀ wọlé. Ìtẹ̀ méjì ló fi ń kúrò nínú àlàfo kan bọ́ sí èkejì. Ìtẹ̀ mẹ́jọ, ayípo oníìyẹ́ mẹ́rin ti yí po lẹ́ẹ̀kan. Ìka wa ń lọ sísàlẹ̀ gbọọrọ, ó ń padà sókè gbọọrọ, kò mọ̀ pé nǹkan kan ń yí lábẹ́ òun.

Ohun tó jọ mí lójú jù nípa rẹ̀ ni pé ó ń rántí. Bọ́tìnnì kan náà ni, ìtẹ̀ kan náà ni, síbẹ̀ ó mọ̀ bóyá ṣíṣí ló kàn àbí títì. Kò sí bátìrì, kò sí wáyà, kò sí irin kankan níbẹ̀ yàtọ̀ sí sípíríǹgì kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ́kọ́ ro èyí láròjinlẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n má ṣe kó bírò dà sínú àpótí bí ẹni ń kó igi ìdáná.

Àmọ́ gbogbo ọgbọ́n yìí, yíǹkì ló fàyè gbà á, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé ọ̀dọ̀ àwa atẹ̀wé ni yíǹkì náà ti wá. Ará Amẹ́ríkà kan, John J. Loud, ti gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀, fún bírò oníbọ́ọ̀lù ní 1888, láti fi sàmì sára awọ àti irú nǹkan tí gègé ò lè kọ sí dáadáa; kò wúlò lórí ìwé. László Bíró, ará Họ́ńgárì, oníròyìn ni. Ó rí i pé yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn máa ń gbẹ kíákíá lórí ìwé, kì í ra mọ́ni lọ́wọ́, nígbà tí ti gègé ń tú dà sílẹ̀. Irú yíǹkì bẹ́ẹ̀ ki jù fún ẹnu gègé. Òun àti György, ọmọ ìyá rẹ̀ tó mọ̀ nípa kẹ́mísírì, ló wá fi bọ́ọ̀lù kékeré kan sí imú ohun ìkọ̀wé, kó máa yí, kó máa gbé yíǹkì tó ki náà jáde. Ó gba pátẹ́ǹtì rẹ̀ ní 1938, ó sì di èrò Argentina nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lónìí, ọjọ́ ìbí rẹ̀, 29 Oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ àwọn olùpilẹ̀ṣẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yẹn.

Ẹ wo ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á. Yíǹkì tó ki, tó sì ní òróró nínú, kì í tètè gbẹ mọ́ imú bírò. Nítorí náà bírò lè fa imú rẹ̀ wọlé, kí ihò rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láìsí ọmọrí. Gègé olómi ò lè dán an wò. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pilot ní Japan ṣe gègé tó ń wọlé fúnra rẹ̀ ní 1963, tí wọ́n pè ní Capless, wọ́n ní láti fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí ẹnu rẹ̀ tó ń pa dé lẹ́yìn gègé, kó má bàa gbẹ. Bírò tiwa ò nílò ilẹ̀kùn.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ṣì kéré mọ wàhálà tó wà lára ọmọrí. Ihò tó wà lórí ọmọrí BIC Cristal, bírò tó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1950 tí gbogbo wa fi kàwé, wọ́n lu ú síbẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá bí ọmọ bá gbé ọmọrí náà mì tó há a lọ́fun. Nígbà tí ilé-ìwé bá ní kí n bá wọn kọ orúkọ sára bírò àwọn ọmọ kékeré, títẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n mú, kò sì sí òbí tó bá mi jiyàn rí.

Lára àwọn tó sọ bírò títẹ̀ di gbajúmọ̀, Parker Jotter ti 1954 ni mo fẹ́ràn jù. Nínú tirẹ̀, bí ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́, rìfíìlì náà ń yí pẹ̀lú, kí ẹ̀gbẹ́ kan imú rẹ̀ má bàa jẹ ju èkejì lọ. Ní 1957 wọ́n tún fi tungsten carbide ṣe bọ́ọ̀lù imú rẹ̀, ohun líle gan-an. Ìrísí rìfíìlì rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé: ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní G2 nínú ìlànà ISO 12757, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe rìfíìlì kárí ayé, nìyẹn, òun ni ẹ sì máa rí nínú ọ̀pọ̀ bírò onírin tí ilé-iṣẹ́ ń fi ta ọ̀gá lọ́rẹ. Bí yíǹkì rẹ̀ bá tán, ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i. Ẹ má sọ ọ́ nù.

Ohun kan wà tí bírò títẹ̀ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá ní Èkó tí léèsì funfun pọ̀ sí: ẹni tó kọ̀wé tán, tó gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ padà, tó kì í bọ àpò. Mo ti rí àpò agbádá tó di búlúù kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé. Ilé-iṣẹ́ Lamy ní Heidelberg, Jámánì, ní ìdáhùn kan sí i tó wú mi lórí. Nínú bírò kan tí wọ́n pè ní swift, tó jáde ní 1990, bí ẹ bá tẹ imú rẹ̀ síta, kílíìpù tí à ń fi há a mọ́ àpò á wọnú ara bírò lọ. Kò ní sí ohun tí ẹ máa fi há a. Àfi kí ẹ ti imú padà kí kílíìpù tó jáde. Mo fẹ́ràn irú èrò bẹ́ẹ̀ gan-an, ohun èlò tó mọ̀ pé èèyàn máa gbàgbé, tó sì ti múra sílẹ̀ dè é.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ́ràn aláwọ̀ mẹ́rin, irú èyí tí BIC gbé jáde ní 1970. Ìyẹn ò ní ayípo rárá. Ohun tí à ń fà sísàlẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, bí ọ̀kan bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ló ń ta èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò. Ó dára, àmọ́ ó sanra jù fún àpò mi.

Níbo wá ni bírò olówó pọ́ọ́kú ti ń bàjẹ́? Nínú ti ọwọ́ mi, yíǹkì kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fìyà jẹni. Rọ́bà ayípo tó bá rọ̀ jù, eyín rẹ̀ á jẹ, á máa yọ̀ lórí ara wọn láìyí. Ó yẹ kó jẹ́ rọ́bà tó le tó sì ń dán, irú èyí tí wọ́n ń pè ní acetal. Nígbà mìíràn, ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ ò mọ́, ẹyọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ òpó, ìyẹ́ á sì há. Sípíríǹgì tí kò dára, ooru àti ọ̀rinrin Èkó á mú un dípẹtà. Àwa tí à ń kọ orúkọ sí i lára náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ẹni tó bá fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbẹ yíǹkì lára bírò tí rọ́bà rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó gbé e sún mọ́ ọn jù, ara bírò á ká, òpó inú rẹ̀ á sì wọ́.

Nítorí náà, kí n tó san owó páálí kan ní Ìdúmọ̀tà, màá mú díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ páálí, kì í ṣe láti òkè. Màá tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, màá gbọ́wọ́ kúrò. Èyí tó dára á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, torí pé ayípo ò tíì kọjá ìdí òpó. Bó bá yọ imú ní ìdajì ìtẹ̀, ó ti jẹ nínú. Màá tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, torí pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́ láàárín gangan. Màá yọ imú rẹ̀, màá fi tẹ tábìlì, kí n mọ̀ bóyá á yẹ̀ wọlé.

Alhájà kan fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún. Ó ní, "Ọmọ mi, bírò ni bírò ń jẹ́, èyí tó pọ́ọ́kú ni kó o bá mi rà."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Alhájà, orúkọ yín ló máa wà lára rẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ méjèèjì yìí wò."

Ó tẹ ọ̀kan, ó tẹ èkejì, ó padà sí ti àkọ́kọ́, ó há mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wò mí. "Gbé èyí tó dáa yẹn wá. Orúkọ mi ò gbọdọ̀ há síbì kankan."

Èrò tèmi náà nìyẹn. Àlejò máa jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tán, yóò gbàgbé adùn rẹ̀, àmọ́ bírò náà máa bá a délé, á bá a dé ọ́fíìsì, orúkọ ẹni tó ṣe òde á sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ kọ nǹkan.

Àwọn kan ti ń bi mí bóyá èyí tó há ṣeé tún ṣe. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣeé tún ṣe. Ẹ kọ́kọ́ yí imú rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá kò fún mọ́ra tán, torí pé bí kò bá fún, sípíríǹgì ò ní lágbára. Ẹ ṣí i, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ayípo, ẹ má fi òróró sí i, torí pé eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ sípíríǹgì ló ti lọ, ẹ yọ ti bírò mìíràn tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, ọ̀pọ̀ wọn ló lè wọlé síra wọn. Bẹ́ ẹ bá ń dá ayípo padà, orí rẹ̀ tó dagun ni kó kọjú sí bọ́tìnnì. Bẹ́ ẹ bá gbé e sódì, bírò náà kò ní ṣí, kò sì ní tì.