Àsìkò Ta Ni Tíṣà Fi Ń Kẹ́kọ̀ọ́?

Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó ṣì wà ní Nàìjíríà máa ń bi mí pé báwo ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí ní ìlú Ọba níbí. Ẹ̀rọ ló máa ń wà lọ́kàn wọn: kọ̀ǹpútà nínú gbogbo kíláàsì, iná tí kì í ṣẹ́jú, íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í fà. Gbogbo ìyẹn wà, mi ò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, èmi náà sì ti jókòó ti ẹ̀rọ ní méjèèjì láti kọ́ ohun tó máa mú iṣẹ́ mi sunwọ̀n. Ẹ̀rọ kọ́ ni mo rí pé ó ya ibí sọ́tọ̀ sí ilé. Àsìkò ni. Wákàtí tí tíṣà fi ń kọ́ ohun tuntun, ta ló ni ín? Àpò ta ló ti ń jáde?

Ní Nàìjíríà, tíṣà ló ni ín, àpò tíṣà náà ló sì ti ń jáde. Òru ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo kọ́ lórí fóònù. Tí mo bá ti máàkì tán, tí mo ti kọ lesson note tí ọ̀gá máa buwọ́ lù, tí àwọn ọmọ ti sùn, ìgbà yẹn ni mo máa tó tan dátà tí mo fi owó ara mi rà. Mo ń tọ́mọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn voice note ju fídíò lọ: mo lè ki earpiece bọ etí kan kí n máa gbọ́, kí n sì máa fún ọmọ lọ́mú, kò gba ọwọ́, kò sì jẹ dátà bíi fídíò. Ọ̀pọ̀ obìnrin tíṣà tí mo mọ̀ ni kò rí i ṣe tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì kan, wọ́n á ṣe é dé ìdajì, iṣẹ́ ilé á gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Tí mo bá wá gbọ́ kí ẹnìkan máa sọ pé tíṣà wa kò fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, inú máa ń bí mi. Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí wọ́n ní kó wá kọ́ ọ.

Síbẹ̀, ohun tí mo kọ́ ní òru wọ̀nyẹn kò tíì kúrò lára iṣẹ́ mi dòní. Ẹgbẹ́ kan wà tí àwa tíṣà ìṣirò láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lórí WhatsApp. Lálẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, admin á ti ẹgbẹ́ pa kí ẹnikẹ́ni má lè sọ̀rọ̀ àfi olùdánilẹ́kọ̀ọ́. Òun náà á máa fi voice note ránṣẹ́ ní kéékèèké, ìṣẹ́jú méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó lè rọrùn fún ẹni tí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ kò lágbára. Tó bá parí, wọ́n á ṣí ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìbéèrè á sì máa rọ́ wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ dá lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń ro ìdá nọ́ńbà pọ̀. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kí kálukú ya fọ́tò iṣẹ́ ọmọ kan tó ṣì í ṣe, kí á bo orúkọ ọmọ náà. Bí fọ́tò ṣe ń wọlé láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà síra, àṣìṣe kan náà la ń rí: 1/2 + 1/3 = 2/5. Àwọn ọmọ ń ro òkè mọ́ òkè, wọ́n ń ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kò sọ ohun tí a máa ṣe fún wa. Ó ní kí oníkálùkù mú bébà méjì tó dọ́gba, kó ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì, kó ṣẹ́ èkejì sí mẹ́ta, kó wá sọ fún òun ìdí tí a kò fi lè kó ìdá kan níbí àti ìdá kan lọ́hùn-ún pọ̀ kí á pè é ní méjì.

“Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tóbi bákan náà,” ni obìnrin kan kọ.

“Ẹ ṣé, mà. Kí la wá máa ṣe tí wọ́n á fi tóbi bákan náà?”

A tún bébà ṣẹ́, títí méjèèjì fi pín sí mẹ́fà. Ìdajì di mẹ́ta nínú mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́ta di méjì nínú mẹ́fà, ìdáhùn sì wà níwájú oníkálùkù lórí tábìlì rẹ̀: 5/6. Iná lọ lọ́dọ̀ àwọn kan, ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó wá bá wa níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti kíláàsì, àwọn ọmọ ń ṣẹ́ bébà tí wọ́n ya nínú ìwé àtijọ́. Ẹnìkan ní kò bọ́ sí i fún òun, pé àwọn ọmọ pọ̀ ju bébà lọ. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bá a rò ó, ẹnìkan ní kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sórí ilẹ̀ kíláàsì kí àwọn ọmọ dúró sínú rẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì padà wá ròyìn. Nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti ṣe lórí ẹ̀rọ, ìyẹn ló dára jù, fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ni mo sì fi ṣe é.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe àjèjì sí tíṣà Nàìjíríà. Láti ọdún 1976 ni wọ́n ti dá National Teachers' Institute (NTI) sílẹ̀ ní Kaduna, tí wọ́n ń fi ìwé títẹ̀ kọ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ń pàdé olùkọ́ wọn lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ọlidé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ àwa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló gba ibẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Grade Two, tí wọ́n tún gba ibẹ̀ gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tó ga jù ú lọ. Yunifásítì tó wà fún irú ẹ̀kọ́ yìí, National Open University, ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìjọba ológun tì í pa ní 1984, ó di 2002 kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó tún ṣí. TRCN, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ tíṣà sílẹ̀, náà ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ní kí tíṣà máa ṣe lemọ́lemọ́. Ètò kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, kò sí ibi tí ètò wọ̀nyí ti kan táìmùtébù. Òpin ọ̀sẹ̀ tíṣà ni, ọlidé rẹ̀ ni, oorun rẹ̀ ni.

Ìlú Ọba náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Nígbà tí Open University tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1971, tíṣà pọ̀ gan-an nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò ní dígírì. BBC ló ń gbé ẹ̀kọ́ wọn sáfẹ́fẹ́, àwọn kan lára rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ọ̀gànjọ́, ó sì di 2006 kí ìyẹn tó dópin. Mo máa ń ro ti àwọn tíṣà òyìnbó wọ̀nyẹn, tí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ará ilé ti sùn. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń lọ sí NTI ní tiwa.

Òfin ló yí i padà fún wọn níbí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí Kenneth Baker jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, wọ́n yọ ọjọ́ márùn-ún sọ́tọ̀ lọ́dún tí àwọn ọmọ kò ní wá sílé-ìwé, tí tíṣà máa wá. Baker days ni wọ́n ń pè é nígbà náà, INSET days la mọ̀ ọ́n sí báyìí. Nínú ọjọ́ 195 tí kọ́ńtráàkì tíṣà sábà máa ń gbé kalẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba, 190 ni ti ìkọ́ni, márùn-ún yòókù wà fún irú nǹkan báyìí. Láti September 2021, tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọdún méjì lábẹ́ ìtọ́sọ́nà, ìdá 10 nínú 100 lára àsìkò ìkọ́ni rẹ̀ ni wọ́n máa yọ kúrò lọ́dún àkọ́kọ́, ìdá 5 lọ́dún kejì, kó lè ráyè kẹ́kọ̀ọ́. Owó oṣù rẹ̀ kò dín nítorí èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọ̀dọ́mọdé tíṣà kan jókòó ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gbangba, ó ń ka bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ, iṣẹ́ ló sì ń ṣe, kò sẹ́ni tó máa yọjú bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá ń fi àsìkò yẹn ṣe ló ń dùn mí nígbà míì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, gbogbo wa la gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń dáàbò bo ọmọ. Ìjọba ní ìwé ìtọ́sọ́nà kan lórí rẹ̀, Keeping Children Safe in Education, ó sì di dandan kí òṣìṣẹ́ ilé-ìwé ka apá tó kàn án. Orí ẹ̀rọ ni ilé-ìwé tí mo wà ti ń ṣe ẹ̀kọ́ tó bá a rìn. Kálukú á wọlé sí i pẹ̀lú orúkọ àti password tirẹ̀. Fídíò á máa lọ, bọ́tìnnì tí a máa fi bọ́ sí ojú ewé kejì á dúdú, kò ní ṣeé tẹ̀ àfi tí fídíò bá parí. Mo wo àyíká mi. Ẹni tó jókòó tì mí ti yí ohùn fídíò rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ó ń máàkì ìwé, ó kàn ń gbójú sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá bọ́tìnnì ti tàn. Ó dáhùn ìbéèrè ìparí, ó gbà á, ìwé ẹ̀rí jáde.

Tíṣà gidi ni obìnrin náà, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú fídíò yẹn lè gba ẹ̀mí ọmọ là. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì, ebi ló ń pa á, tàbí pé ẹnìkan ń bẹ nílé tí kò jẹ́ kó sùn? Irú ìbéèrè báyìí, ẹnu ẹlòmíì ló yẹ kí èèyàn ti gbọ́ ọ, kí ẹni tó ti rí i rí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ẹlòmíì ní òun kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Mo lọ bá ọ̀gá wa, mo bi í bóyá a lè jọ wò ó pọ̀, kí á máa dá a dúró kí á sọ̀rọ̀. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe é, torí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ilé-ìwé wò, ṣùgbọ́n òun á fi ìdajì wákàtí kún un lẹ́yìn fídíò fún ìjíròrò. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí kòrónà ti ilé-ìwé pa níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ní March 2020, ọ̀pọ̀ rò pé gbogbo nǹkan máa dọ́gba. Níbí, Oak National Academy bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní April, ìjọba sì pín láptọ́ọ̀pù fún àwọn ọmọ tí kò ní. Ní Nàìjíríà, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbára lé. Ohun tó kù fún tíṣà wa lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ sémínà orí Zoom, èyí tó dára àti èyí tó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń tà.

Láti February 2023, tíṣà tó gboyè ní Nàìjíríà lè béèrè fún QTS, ìyẹn ìwé àṣẹ olùkọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láìtún lọ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mìíràn, bí ohun tí wọ́n béèrè bá pé. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ TRCN wà lára rẹ̀. Látìgbà náà ni àwọn àbúrò ti ń fi ìwé ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn hàn mí, òmíràn kún fáìlì. “Àǹtí, ṣé èyí tó?” Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn: ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí èmi lọ, kò sẹ́ni tó ka iye rẹ̀. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé kí ni mo yí padà ní kíláàsì mi, kí ló fà á, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bébà tí a ṣẹ́ sí mẹ́fà ni mo sọ fún wọn.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù báyìí ni ilé-ìwé ìjọba kan tí ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ́ni ní Nàìjíríà. A jọ bá ọ̀gá àgbà wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì gbà kí wákàtí tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì jẹ́ ti tíṣà. Ìdajì wọn á máa bójú tó àwọn ọmọ lórí pápá àti nínú kílọ́ọ̀bù, ìdajì yòókù á jókòó, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á pààrọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wa fídíò sílẹ̀, yóò fi Xender pín in fún ìyókù kí dátà kankan má tún lọ. Wọ́n á wo ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á dá a dúró, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ìdajì ló ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà máa fẹ̀yìntì láìpẹ́, kò sì sí ohun tó dè é mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti bẹ ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n kọ wákàtí náà sínú táìmùtébù tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀ gan-an, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀ bíi ti Ìṣirò àti Bàọ́lọ́jì, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí TESCOM, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó tíṣà, kí ọ̀gá náà tó kúrò níbẹ̀.