Ọwọ́ Ara Mi Ni Mo Fi Kọ 33 Yẹn

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lálẹ́ Fráídé ní Texas níbí: iná pápá á tàn yòò, ìlù á máa dún, ẹni tí kò lọ́mọ níbẹ̀ pàápàá á wá wòran. Ọmọ yín á gba bọ́ọ̀lù, á gbá a mọ́yà, á já sáàárín àwọn géńdé, ẹ̀yin náà á sì fò sókè bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ gbé e.

Mo ní ìwé kékeré kan. Gbogbo ìgbà tí Táyé ọmọ mi bá gbé bọ́ọ̀lù, mo máa ń fa ìlà kan sínú rẹ̀, bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì oníbàárà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, 19. Ìkejì, 24. Ìkẹta, 27. Bí eré bá ti parí, mo máa ń ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa eré náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé 27 ju 24 lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án. Ó ku ìṣẹ́jú 4 kí eré parí, 35 sí 14, àwa là ń borí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, mi ò sì tètè rí i. Bí ẹgbẹ́ bá ń borí, kóòṣì kì í fẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù mọ́, torí bí wọ́n bá jù ú tí ẹnikẹ́ni ò hán an, aago á dúró. Running back ni wọ́n á gbé e fún, kí wọ́n lè mú un balẹ̀ nínú pápá, kí aago máa lọ. Ìgbà tó ti rẹ ọmọ tán ni iṣẹ́ ń pọ̀ sí i fún un.

Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, fọwọ́ tọ́ mi. Ó ní, "Dádì, Táyé ò tẹ ẹsẹ̀ òsì yẹn dáadáa láti Túsìdeè o. Ó ní kí n má sọ."

Mo gbọ́. Mi ò ní purọ́ pé mi ò gbọ́. Mo ní, "Ìṣẹ́jú 4 péré ló kù." Mo fa ìlà kejìlélọ́gbọ̀n.

Wọ́n tún gbé e fún un. Ó sá wá sápá òsì, ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ó fi ẹsẹ̀ òsì gúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀ wọnú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ṣì wà lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù jábọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù já. Ó kígbe, kì í sì í ṣe èmi ló pè. Kẹ́hìndé ló pè. Ọmọbìnrin yẹn ti fo ìdènà kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èmi? Kí n tó dìde, ọwọ́ mi ti fa ìlà kẹtàlélọ́gbọ̀n.

Ìyá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Ó bi mí lórí fóònù pé, "Bàbá Ìbejì, ìgbà mélòó ló gbé e?" Mo ní 33. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ẹ sì ń kà á?"

Àwòrán MRI fi hàn pé ACL, okùn kan nínú orúnkún, ti já. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ti ju ọ̀pá nù, oṣù 9 ni wọ́n dá fún wa, ó sì ń lọ dáadáa, a dúpẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ pọ̀, àmọ́ ọ̀kan ló gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi: ẹ dá iye tí ọmọ yín máa gbé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kíkà nìkan ò tó. Èmi náà kà á. Ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù baseball ní ilé-ìwé girama níbí ní iye tí kò gbọ́dọ̀ jù kọjá. Láti 2017 ni wọ́n ti ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ fi òfin dè é. UIL, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá ilé-ìwé ní Texas tiwa níbí, tún sọ pé ìfarakanra gidi nínú ìdánrawò kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 90 lọ lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tí ọmọ ọdún 17 lè gbé bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ kan? Kò sí. Mi ò ní kóòṣì wa burú o. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ó kàn fẹ́ràn kí aago máa lọ pẹ̀lú ni.

Ẹ má sì ka ti ọjọ́ eré nìkan. Ẹ ka èyí tó hán, ẹ ka ìgbà tó dúró gbèjà ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ẹ ka ti Túsìdeè. Túsìdeè ni ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Oníṣègùn tó ń tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ fún mi pé bí iṣan itan bá ti rẹ̀, kì í tètè di orúnkún mú mọ́, okùn inú rẹ̀ ló kù tó máa gba gbogbo ẹrù yẹn.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa pe Jay Ajayi, tí òun náà jẹ́ running back, ní tiwa, èmi náà sì ń pè é. Òun ni mo fi ń gún Táyé ní kẹ́sẹ́. Ní yunifásítì Boise State ní 2014, ó gbé bọ́ọ̀lù ní ìgbà 347, ó tún hán 50. Ohun tí mi ò sọ fún Táyé ni pé ìbẹ̀rù orúnkún ló jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ìpele karùn-ún nígbà tí NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ṣe, ń mú ọmọ ní 2015. Mi ò sọ pé ní 2016 ó sáré ju 200 yáàdì lọ ní eré mẹ́ta, tó bá di October 2018, ACL já. Àwọn running back NFL mìíràn náà ńkọ́? Terrell Davis gbé e ní ìgbà 392 ní 1998; eré kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni orúnkún lọ. Larry Johnson gbé 416 ní 2006, kò sí ẹni tó tíì gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún kan ní NFL. Eré 8 péré ló ṣe lọ́dún kejì kí ẹsẹ̀ tó dá a dúró.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dárúkọ Emmitt Smith fún mi, tó gbé e ní ìgbà 4,409 láàárín ọdún 15 ní NFL. Ó dáa. Ṣé ọmọ Emmitt Smith ni ọmọ yín? Àwọn kan á tún ní mò ń fi ọmọ ṣòwò. Mi ò fi ọmọ ṣòwò. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí i ni. Bóyá ọ̀kan náà ni.

Nílé wa báyìí, 20 ni. Bó bá ti pé 20, èmi fúnra mi á sọ̀kalẹ̀ lọ bá kóòṣì, kí ojú tì mí tì mí. 20, yálà a ń borí tàbí wọ́n ń lù wá. Pàápàá bí a bá ń borí.

Ìyá wọn ti gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Lánàá ni Táyé ní kí n bá òun yẹ fídíò tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn yunifásítì wò. Ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìbẹ̀rẹ̀ pé ìgbà 33 lòun gbé bọ́ọ̀lù nínú eré kan, ó ní kí n sọ bóyá lẹ́tà yẹn tóbi tó. Mi ò tíì dá a lóhùn.