Ìlú tí kò lọ́ba, tí kò ní báálẹ̀

Nígbà tí màmá mi wá kí wa ní Columbia, ìpínlẹ̀ Maryland, wọ́n bi mí pé, "Ta ni báálẹ̀ yín níbí?" Mo ní kò sí. Kò sí méyọ̀ náà. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo òpùrọ́. Èèyàn tó lé ní 100,000?

Lójú òfin, Columbia kì í ṣe ìlú. Kàǹtí Howard, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ló ni ọlọ́pàá wa àti ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹgbẹ́ kan, Columbia Association, ló ń tọ́jú adágún omi àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àwa onílé la sì ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún (owó ọ̀hún ń dun èèyàn). Abúlé 10 ni wọ́n pín wa sí. Kí o tó kun ilẹ̀kùn rẹ láwọ̀ míì, o máa kọ́kọ́ tọrọ àyè ná.

James Rouse, oníṣòwò ilé àti ilẹ̀, ló dá Columbia sílẹ̀. Ńṣe ló ń ra oko àwọn àgbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ni, kí owó ilẹ̀ má baà fò sókè, títí ilẹ̀ náà fi tó nǹkan bí 14,000 éékà. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1967. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Rouse ti ní àti dúdú àti funfun ló lè ralé níbẹ̀, kí òfin Amẹ́ríkà tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1968.

Ọ̀pọ̀ orúkọ títì wa, inú ewì àti ìwé ìtàn ni wọ́n ti ṣà á. Ọ̀kan ń jẹ́ Attic Window Way. Òmíràn, ẹ dákun, Satan Wood Drive. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi mọ́tò gbé òun gba ibẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kórìíra ni àpótí lẹ́tà. Rouse ò fẹ́ kó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn oníkálukú. Ó kó wọn jọ sójú kan, kí àwọn aládùúgbò lè máa rí ara wọn. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ mi, mo ń pòṣé lórí yìnyín lọ bá àpótí. Mo bá obìnrin kan níbẹ̀, ó dì bí ẹrù, ó ń jà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ó kùn sínú pé, "Ṣé ó tún ti há ni?"

Mo dúró gbagidi. Mo ní, "Ẹ rọra yí i sápá òsì, mà."

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ilé kẹta sí tiwa.

Fún oṣù mẹ́ta tí Màmá lò, Màmá fúnra wọn ló ń lọ kó lẹ́tà wa. Wákàtí kan ni wọ́n máa ń lò. Bébà ìpolówó nìkan ni wọ́n sábà máa ń kó bọ̀.